Eyín Ènìyànṣọ̀wọ́n

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ènìyàn lè wà lẹ́yìn odi kó má sì rékọjá òkun kankan. Mi ò wọ bàálù, òyìnbó kankan ò fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Kétu ni mo ti wá, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ o, kì í ṣe Kétu tó wà lọ́nà Máìlì Méjìlá. Yorùbá ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Yorùbá náà ni wọ́n fi bú mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yanu sọ̀rọ̀ ní Okokomaiko, tí mo ní kí obìnrin kan fún mi ní omi tútù, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ègùn ni ẹ́, àbí?"

Mo ní Yorùbá ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Yorùbá ibo wá ni eléyìí?"

Inú bí mi débi pé mi ò mu omi náà mọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé kí èmi tó jókòó, ìbínú mi á ti rí àga. Kò parọ́ mọ́ mi. Bí wọ́n bá bú mi pé mo jẹ́ àjèjì ní ibi tí èdè ti yàtọ̀, n ó gbà. Àmọ́ kí n máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi, títí kan èyí tí wọ́n rọra ń sọ, ìyẹn dùn mí ju ebi lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi wọ Èkó. Ohun tí wọ́n ń pè ní táìsì níbí, àwa ń pè é ní kàró, èmi ni mo máa ń tò ó sílẹ̀ ilé. Ní gbogbo Ọ̀jọ́ yìí, bí ẹni tó lówó bá ń parí ilé, á ní kí wọ́n bá òun wá ará Kútọnu tí yóò ṣe ilẹ̀, torí wọ́n gbà pé iṣẹ́ wa mọ́. Ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ẹnu mi. N ó kúnlẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú pálọ̀ olówó, ilẹ̀ á máa dán, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ju "Ó ku mélòó?" lọ. Bí mo bá ṣe tán, n ó padà sí yàrá mi ní Igbó-Elérin, níbi tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ti là tí èèrà ń gba ibẹ̀ jáde.

Ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ni. Bàbá tó ni ín jẹ́ alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, kì í wọ bàtà tó bá ti wọ sùtánà. Yàrá tó kọjú sí tèmi ni Ìyá Rùkáyà ń gbé. Ará Ìṣẹ́yìn ni, èédú ló ń tà níwájú ilé. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sókè ọya, ó lè lọ kó pẹ́ kó tó dé. Ọmọ mẹ́ta ni Ìyá Rùkáyà bí, Rùkáyà nìkan ló kù. Ọmọ náà ń lọ sílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà, ó lẹ́nu bí abẹ. Òun nìkan ló máa ń kí mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kí i.

Bí mo bá pe ìyá mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí. "Ṣé o rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" N ó ní, "Wọ́n pọ̀ jù, Ìyá." Irọ́ gbuu. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ jù ni ọlọ́kadà tí a jọ jà nítorí ṣéńjì.

Obìnrin kan tí mo bá ṣe ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìbà ló fún mi ní ọmọ ajá. Ajá rẹ̀ bímọ púpọ̀, ó ní kí n mú ọ̀kan nínú wọn, torí pé mi ò jí nǹkan kan nínú ilé òun. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bínú. Mo mú èyí tó pupa, tó ní funfun ní ìka ẹsẹ̀, mo gbé e sínú korobá irinṣẹ́ mi, ó ń wo gbogbo ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ síbẹ̀.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni orúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò wo ilé. Bàbá mi àgbà ní ajá kan nígbà tí mo wà ní kékeré, Ènìyànṣọ̀wọ́n lorúkọ rẹ̀, mo sì fẹ́ràn ajá yẹn púpọ̀. Mo fi orúkọ náà sọ tèmi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mo ń fi ohùn rara pè é: "Ènìyànṣọ̀wọ́n, máa bọ̀. Ènìyànṣọ̀wọ́n, wá jẹun." Yorùbá ni gbogbo ilé. Ta ni kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ajá lórúkọ?

Ìyá Rùkáyà ni kò lè pa á mọ́ra. Ó gbé ọwọ́ tí èédú ti sọ di dúdú lé ìbàdí, ó ní, "Ìwọ ará Kútọnu yìí, ènìyàn ṣọ̀wọ́n níbo? Àwa tí à ń bá ọ gbé, ewúrẹ́ ni wá?"

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, orúkọ ajá bàbá bàbá mi ni."

"Kó o wá gbé e wá bú wa. O ṣeun."

Mo lè yí orúkọ náà padà. Orí kunkun mi ò jẹ́. Mo ní nínú ara mi pé bí ẹ bá jẹ́ ènìyàn, orúkọ ajá ò ní dùn yín. Láti ọjọ́ náà, "ajá ará Kútọnu" ni gbogbo ilé ń pè é, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ àfi Rùkáyà.

Nígbà tó ṣe, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nǹkan run. Mi ò sọ pé ó ń jẹun o, ó ń jẹ nǹkan run. Ó jẹ òòlù rọ́bà tí mo fi ń lu táìsì, ó jẹ fóòmù tí mo fi ń kúnlẹ̀, ó jẹ sílípáàsì Bàbá Onílé, ó dá apá kan sí. Èyí tó burú jù ni pé ó wọlé gbé búútà Ìyá Rùkáyà, ike tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó rún ẹnu rẹ̀ wómúwómú, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyá Rùkáyà fi igi gbé ike náà jù síwájú yàrá mi. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó sì wọlé lọ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn dẹ́rù bà mí. Mo pe ìyá mi.

"Ó tó oṣù mélòó?" ni ìbéèrè rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Eyín ló ń pààrọ̀. Èrìgì rẹ̀ ń yún un. Ìwọ náà jẹ ọmú mi títí mo fi sunkún. Mú àkísà, rẹ ẹ́ sínú omi, jẹ́ kó dì, kó o fún un kó máa jẹ ẹ́."

Ojúlé kejì, wọ́n ń ta píọ̀ wọ́tà, wọ́n ní fírísà. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bá mi fi àkísà síbẹ̀. Ènìyànṣọ̀wọ́n gbá àkísà dídì náà mú, ó dùbúlẹ̀, ó dijú, ó ń jẹ ẹ́ bí àgbàlagbà tó rí obì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ba nǹkan kan jẹ́. Inú mi dùn bí ẹni tó parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń fi ohùn Kétu mi sọ̀rọ̀ láìṣe é bíi tará Èkó, kò sì sí ẹni tó bi mí pé Yorùbá ibo nìyẹn.

Àkísà yẹn náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni. Rùkáyà di ẹsẹ̀ àkísà mú, ajá di orí rẹ̀ mú, wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo wà lẹ́bàá wọn, mo ń fọ irinṣẹ́. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ ọmọ náà yọ̀ lọ sẹ́nu ajá. Igbe ni mo gbọ́. Mo wò ó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo wo ajá, itọ́ tó pọ́n ń ṣe fóòmù lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń gbọnrí.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Dìgbòlugi."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ilé sì dàrú. Kò sí ìyá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ ò ní bù máṣọ. Ajá tí orí rẹ̀ dà rú ni, ẹni tó bá sì bù jẹ, bí àìsàn ọ̀hún bá fi lè dé ọpọlọ rẹ̀, ó tán. Ìyá Rùkáyà sáré wọlé tòun ti ṣọ́bìrì èédú lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń wò mí.

"Irun rẹ̀," ló wí. "Gé irun rẹ̀ fún mi."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìṣẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní Kétu: bí ajá bá buni jẹ, wọn á sun irun ajá ọ̀hún, wọn á pò ó mọ́ epo pupa, wọn á fi dí ojú egbò. N kò jiyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti obìnrin yìí máa mọ ohun kan náà. Mo mú abẹ, mo di ajá mọ́ orúnkún, mo gé irun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ti ba òun náà, gbogbo èèyàn ń pariwo lé e lórí. Bí mo ṣe gé e tán, ó yí ọrùn padà, ó bù mí jẹ ní àtẹ́lẹwọ́, eyín rẹ̀ wọlé.

Mo na irun sí Ìyá Rùkáyà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì, mo tì í bọ àpò. Kò sí ẹni tó rí i.

Ìyá Rùkáyà sun irun, ó pò ó, ó fi sí i, ó gbé ọmọ sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Èmi gbé ajá wọ yàrá mi, mo tì í, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá Onílé dé. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tẹ̀ lé e, ọ̀kan mú irin, ọ̀kan mú pákó.

"Ṣílẹ̀kùn," ni Bàbá wí.

"Bàbá, eyín ló ń pààrọ̀. Kì í ṣe wèrè."

"Ìwọ ni dókítà? Yàrá ni mo fún ọ. Mi ò fún dìgbòlugi. Bí o kò bá ṣí i, wọ́n á ṣí i, àti ìwọ àti ajá rẹ, ẹ ó jọ lọ sí Kútọnu."

"Kétu ni, Bàbá."

Mi ò mọ ohun tó sún mi sọ ọ́. Ọkùnrin tó mú irin tì mí, èjìká mi gbá ilẹ̀kùn. Ajá ń ké nínú ilé. Mo mọ̀ pé wọ́n máa pa á, mo sì mọ̀ pé n ó bá wọn jà, àti pé bí mo bá bá wọn jà, èmi ni wọ́n máa kà sí ọ̀daràn.

Fóònù Bàbá Onílé dún. Kò fẹ́ gbé e, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé e. Ohùn Ìyá Rùkáyà ni gbogbo wa gbọ́, ó ń pariwo débi pé Bàbá gbé fóònù jìnnà sétí.

"Ẹ má pa á. Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pa ajá yẹn. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá pa á, a ò ní mọ̀. Kó wà láàyè ni wọ́n fẹ́, ká máa wò ó. Wọ́n ti fún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó ku òmíì. Ṣé ẹ ti pa á? Bàbá, ẹ dá mi lóhùn."

Bàbá ní, "A ò tíì pa á."

Ọkùnrin tó mú irin gbé e sílẹ̀. Èmi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Ìyá Rùkáyà dé, ó sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì ti fi ọṣẹ àti omi fọ gbogbo irun sísun àti epo yẹn dànù, ó sì bú òun dáadáa. Ó ní ọṣẹ àti omi ni oògùn àkọ́kọ́, kí wọ́n fọ ojú egbò kó pẹ́ lábẹ́ omi, kí wọ́n tó wá gba abẹ́rẹ́. Mo dìde, mo lọ sí balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ òsì mi títí awọ rẹ̀ fi funfun. Mo gbọ́ ibi tó ní kí ènìyàn gba abẹ́rẹ́, àmọ́ mi ò lọ. Bí mo bá jáde sọ pé ó bu èmi náà jẹ, ọ̀rọ̀ á di ajá tó ń bu gbogbo èèyàn jẹ, kò sí fóònù tó máa gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo bẹ̀rù pé nílé ìwòsàn, wọ́n á ní kí n mú káàdì wá, wọ́n á bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ẹni tí kò ní ìwé máa ń rò pé gbogbo tábìlì ni wọ́n ti ń béèrè ìwé. Ìrònú òmùgọ̀ ni, mo mọ̀ báyìí.

Ọjọ́ kejì, Bàbá Onílé, Ìyá Rùkáyà àti èmi gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Ìbà. Obìnrin ni, mi ò rò pé ó jù mí lọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó la ẹnu ajá, ó tan iná sí i.

"Eyín ọmọdé rẹ̀ ń jábọ́ lóòótọ́," ló wí. "Ẹ wo èyí tó ń yọrí lábẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń da itọ́, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àmọ́ mi ò ní tàn yín, mà. Wọn ò fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí. Mi ò lè búra."

Ó sọ ohun tí a máa ṣe. Kí a so ó síbi tí a ti máa rí i, kí a máa fún un ní oúnjẹ àti omi, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Bí kò bá lè gbé omi mì, bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí a pe òun. Ó dá ọjọ́ fún wa. Ó ní bí ajá náà bá ṣì ń jẹ, tó ń mu títí di ọjọ́ náà, a jẹ́ pé kò ní àìsàn ọ̀hún lẹ́nu lọ́jọ́ tó buni jẹ. Kí ọmọ ṣáà máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé ó bu ẹlòmíì jẹ?"

Ìyá Rùkáyà ń wò mí. Bàbá Onílé ń wò mí. Mo ní, "Rárá."

Báyìí ni gbogbo ilé tó fẹ́ pa ajá lánàá ṣe di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má kú. Mo so ó síwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èédú, kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í dúró. Wọ́n gbé egungun wá, wọ́n gbé ìrẹsì àná wá. Bàbá Onílé á dé láàárọ̀ pẹ̀lú sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán, á dúró níwájú rẹ̀, á gbàdúrà fún un bí ẹni ń gbàdúrà fún ọmọ ìjọ tó ń lọ ṣèdánwò. Ọkùnrin kan wá láti ọ̀nà Alaba Rago, ó ní òun gbọ́ pé ajá kan wà tí wọn ò fẹ́ mọ́, òun lè rà á fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ìyá Rùkáyà gbé ṣọ́bìrì sí i. Ó ní, "Ajá wa ò sí fún títà."

Ajá wa. Mo gbọ́ ọ, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé e sí. Mo ti ń gbé ilé yẹn ju ọdún kan lọ, kò sẹ́ni tó pe ohunkóhun tó jẹ́ tèmi ní tiwa rí. Àmọ́ mi ò tan ara mi jẹ. Kì í ṣe ajá ni wọ́n fẹ́ràn, Rùkáyà ni. Ẹ̀mí ọmọ náà ló wà lára okùn tí mo fi so ajá mọ́gi. Ẹ̀mí tèmi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àràárọ̀ ni Ìyá Rùkáyà ń jáde wá wò ó kó tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ajá sùn, kò gbérí. Ó dúró, ó ní, "Ìwọ." Ajá ò mira. Ó ní, "Ajá." Kò mira. Ó wá rọra wí i: "Ènìyànṣọ̀wọ́n." Ajá gbérí, ó ju ìrù. Ìyá Rùkáyà mí kanlẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi, èmi náà yíjú síbòmíì, torí mo mọ̀ pé bí mo bá rẹ́rìn-ín, ìjà ni.

Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ ilẹ̀ fún mi ní Ìbà pè mí. Ó ní bí mi ò bá dé sáìtì lọ́jọ́ náà, kí n má wá mọ́. Mi ò lọ. Báwo ni kí n ṣe kúnlẹ̀ nílé ẹlòmíì kí n máa wọn ilẹ̀, nígbà tí mi ò mọ̀ bóyá ajá ń gbé omi mì? Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí omi bá há mi lọ́nà ọ̀fun, n ó rò pé àìsàn náà ti dé. Bí orí bá fọ́ mi, n ó rò pé ó ti dé. Ìyá mi pè, ó ní ohùn mi ò dára. Mo ní oòrùn ni. Ó ní, "Ṣé o rí ẹni bá sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Wọ́n pọ̀." Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá ni wọ́n ń bi mí.

Ọjọ́ kan wá tó jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ dókítà pé. Mo gbé oúnjẹ fún Ènìyànṣọ̀wọ́n láàárọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. Mo gbé egungun fún un, ó fi imú tì í. Itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí okùn. Ó ń fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń gbin. Mo gbé omi sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́ lẹ́yìn mi. Ìyá Rùkáyà ni, òṣùwọ̀n èédú ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí i.

"Kò mu omi," ló wí.

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, mà."

"Kò mu omi. Dókítà ní bí kò bá mu omi." Ó jókòó sílẹ̀ lórí èédú, kò wo aṣọ rẹ̀. "Mo ti sin méjì. Ọlọ́run, mo ti sin méjì."

Àwọn ará ilé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe dókítà, ó ní òun ń bọ̀, kí n gbé omi sílẹ̀ kí n kúrò níwájú rẹ̀. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Gbogbo wa dúró, àgbà àti ọmọdé, a ń wo ajá, ajá ń wo omi. Àtẹ́lẹwọ́ òsì mi ń yún mi, mo sì ń sọ nínú mi pé bí kò bá mu ún, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kú nínú ilé yìí, torí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, èmi ò gbà.

Ajá dìde. Ó rìn lọ síbi abọ́, ó dúró. Ó tẹ orí bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè, ó gbọn etí. Ó tún tẹ orí bọ̀ ọ́. A gbọ́ ọ kí a tó rí i, ìró ahọ́n nínú omi. Ó mu, ó mu, ó ń gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan funfun kan bọ́ sínú abọ́. Ó mu omi náà dé ìdí.

Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tú ìdí abọ́. Eyín ni. Eyín ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó gùn, ẹ̀jẹ̀ wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Òun ló ti ń dí i lọ́wọ́ oúnjẹ láti àárọ̀. Ìyá Rùkáyà gbé ọwọ́ lé ẹnu, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà dé, ó wò ó, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ká ṣì máa ka ọjọ́ wa lọ.

Ọjọ́ náà pé. Ènìyànṣọ̀wọ́n jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ tó fi lá abọ́. Dókítà ní kó rìn, ó rìn. Ó ní ká pè é, Rùkáyà pè é, ó sáré. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rù tán, mà. Kò ní dìgbòlugi. Ẹnikẹ́ni tó bù jẹ, kò ní nǹkan kan." Ó ní kí n mú un wá gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kí oṣù tó parí. Ilé pariwo ọpẹ́. Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ orin.

Èmi ni mo ṣubú. Mo jókòó sínú eruku èédú, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mi ò lè dá a dúró. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ wo ará Kútọnu tó ń sunkún nítorí ajá. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ìyá Rùkáyà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ òsì mi. Ó sún mọ́ mi, ó fà á kúrò lójú mi, ó tẹ́ ẹ, ó wo àpá eyín tó wà ní àtẹ́lẹwọ́, mẹ́rin, ó tò bí ó ṣe tò ní ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ó bu ìwọ náà jẹ," ló wí.

Mo fẹ́ gba ọwọ́ mi, kò jẹ́.

"Ọjọ́ tí mo ní kó o gé irun." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Tó o wá dákẹ́. Ọmọ tèmi ń gba abẹ́rẹ́, ìwọ ń bọ́ ajá. Ta ló mú ìwọ lọ sílé ìwòsàn? Ta lo sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Ó gbá mi léjìká, kì í ṣe eré, ó dùn mí. "Tó o bá kú sínú yàrá yẹn ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ kó òkú ẹ fún? Mo mọ ilé yín? Mo mọ ìyá ẹ? Gbé fóònù ẹ wá. Pe ìyá ẹ. Pè é níṣojú mi báyìí, kí n fẹjọ́ ẹ sùn."

Mo pè é. Kó tó di pé mo kí ìyá mi tán, Ìyá Rùkáyà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ní olórí kunkun ni mo jẹ́, ó ní wọn ò kọ́ mi nílé pé ẹnu la fi ń sọ ọ̀rọ̀, ó ní bí mo bá tún dan irú ẹ̀ wò, òun máa nà mí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ nu omijé. Kò tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù ní Kétu lọ́hùn-ún. Ó wá ní, "Ta ló ń bú ọ báyẹn?"

Mo ní, "Ará ilé mi ni, Ìyá."